Eyín Ọgbọ́n: Ìgbà Tó Bá Dákẹ́ Ni Kí Ẹ Lọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni eyín yìí kọ lù mí kí n tó gbà pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 22 ni. Ìsàlẹ̀ àgbọ̀n mi lápá ọ̀tún wú díẹ̀, ó ń ta mí bí mo bá gbé itọ́ mì, ìrora náà sì ń gba inú etí lọ sókè. Mo lọ sí kẹ́míìsì kan ládùúgbò, wọ́n di oògùn aláwọ̀ méjì fún mi, nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó ti rọlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ó tún dé, èmi náà tún gba kẹ́míìsì lọ. Ìgbà kẹta ni mo jí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí ẹnu mi kò yà mọ́. Ìka kan ṣoṣo ló ń gba àárín eyín òkè àti tìsàlẹ̀ kọjá. Ṣíbí kò wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá mi fi ń po ògì tó ṣàn fún mi, tí mo ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, omijé ń bọ́ lójú èmi àti òun náà.

Dókítà eyín tó tọ́jú mi sọ gbólóhùn kan tí n kò gbàgbé títí di òní. Ó ní, “Ìgbà tó ń dùn ọ́ lo ń wá oògùn. Ìgbà tí kò dùn ọ́ gan-an ni mo fẹ́ rí ọ.” Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo àlàyé yìí nìyẹn. Bí tiyín bá ń dùn lọ́wọ́, ẹ fo ìyókù, ẹ lọ sí ibi tí mo ti sọ ohun tí ẹ lè ṣe nílé lónìí, kí ẹ tó padà wá ka èyí tó ṣáájú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀

Eyín 32 ni àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ pé máa ń ní. Mẹ́rin tó kẹ́yìn pátápátá, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, là ń pè ní eyín ọgbọ́n, torí pé ìgbà tí ojú èèyàn ti ń là ni wọ́n máa ń hù, láàrin ọdún 17 sí 25. Ẹlòmíì kì í ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹlòmíì kò tilẹ̀ ní ìkankan, kò sì sí ohun tó ṣe é. Láti bí ọmọ ọdún 7 sí 10 ni eyín náà ti ń dá sílẹ̀ nínú egungun àgbọ̀n, àmọ́ òun ni àbíkẹ́yìn. Nígbà tó bá fi máa jáde, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba gbogbo àyè tán.

Bí àyè bá ṣẹ́ kù, yóò hù bíi ti àwọn yòókù, èèyàn lè má mọ̀ ju pé ẹ̀yìn ẹnu ń yún un fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí àyè kò bá sí, ó lè dùbúlẹ̀ sínú egungun kó má jáde rárá, ó lè fi orí sọ eyín tó wà níwájú rẹ̀, tàbí kó yọ orí díẹ̀ kó sì há síbẹ̀. Èyí tó yọ orí díẹ̀ yìí ló ń fi ojú èèyàn rí màbo jù. Ìdí ni pé ẹran èrìgì máa ń bo ìdajì orí rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá da aṣọ bo ẹnu ìkòkò tí kò sì bò ó tán. Oúnjẹ á gba etí ẹran náà wọ abẹ́ rẹ̀. Pákò kò lè débẹ̀, omi tí a fi ń yọ ẹnu lásán kò lè débẹ̀, kòkòrò àrùn á sì máa bí sí i nínú òkùnkùn ibẹ̀. Ẹran náà á wú. Bó bá ti wú, eyín òkè á máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ń jẹun, bó sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa wú sí i.

Ẹ wá wo ibi tí oògùn kẹ́míìsì ti kùnà. Oògùn lè pa kòkòrò, àmọ́ kò lè ká ẹran yẹn kúrò lórí eyín, kò sì lè dí ihò abẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó fa wàhálà ṣì jókòó síbẹ̀ nígbà tí ìrora ti lọ. Ìgbà mìíràn tí oúnjẹ bá há síbẹ̀, tàbí tí òtútù mú èèyàn, tàbí tí iṣẹ́ àṣelàágùn tán an lókun, ó tún dìde. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun kan tún wà tí kì í dùn èèyàn rárá, tó sì bà mí lẹ́rù ju wíwú lọ. Bí eyín ọgbọ́n bá fi orí sọ eyín ńlá tó wà níwájú rẹ̀, oúnjẹ á máa há sáàárín àwọn méjèèjì, kòkòrò eyín á sì máa gbẹ́ ẹ̀yìn eyín rere yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibi tí dígí kò lè fi hàn ni. Nígbà tí yóò bá fi dun èèyàn, ó ti lè jẹ́ eyín méjì ni wọ́n máa yọ, ìkejì sì jẹ́ eyín tó yẹ kó bá wa dọ́jọ́ alẹ́.

Ẹ wò ó fúnra yín

Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ tan iná fóònù, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti àárín iwájú: eyín pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan tó ṣe ṣóńṣó, méjì kéékèèké, kí ẹ tó dé orí àwọn ńláńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ. Ìkẹta nínú àwọn ńláńlá yìí, tí í ṣe ìkẹjọ láti àárín, ni eyín ọgbọ́n. Bí ẹ bá rí 18, 28, 38 tàbí 48 lórí káàdì yín nílé ìwòsàn, òun náà ni: òkè ọ̀tún, òkè òsì, ìsàlẹ̀ òsì, ìsàlẹ̀ ọ̀tún, bí mo ṣe tò wọ́n yẹn. Ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń fa ìjàngbọ̀n jù.

Ẹ wò ó bóyá ẹran ibẹ̀ pupa ju ti ibòmíràn lọ, bóyá ó wú bo eyín. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́: bí ọyún bá sun jáde, tàbí tí ẹnu bá ṣàdédé korò, kòkòrò ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n yín lápá ibẹ̀. Kókó kan lè ti so síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bí ẹnu ṣe yà tó. Ẹ to ìka mẹ́ta lé ara wọn lórí ní ìbú, ẹ kì wọ́n sáàárín eyín iwájú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ìka mẹ́ta máa ń gbà. Bó bá jẹ́ méjì ló ń gbà lónìí, tó sì jẹ́ mẹ́ta ló gbà lánàá, ẹnu ń há lọ nìyẹn. Bó bá ku ọ̀kan, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti ọjọ́ tó rọlẹ̀. Inú fóònù náà tó. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ó ń dùn lọ́wọ́: ohun tí ẹ lè ṣe nílé lónìí

Omi iyọ̀ ni ìpìlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ ọ́n lò. Ife omi kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ lè fi ìka sínú rẹ̀ láìjó yín, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ rò ó títí iyọ̀ yóò fi yọ́ tán. Ẹ bù ú sẹ́nu, kí ẹ tẹ orí sí apá ibi tó ń dùn kí omi lè dúró lórí eyín náà, ẹ ka 1 dé 30, kí ẹ tó tu ú. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ife yóò fi tán. Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni, àti kí ẹ tó sùn. Kí èèyàn yọ ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀ kó sì ní òun ti lo omi iyọ̀, kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó gbà mí gan-an ni síríńjì. Ẹ ra tuntun ní kẹ́míìsì, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ nù. Ẹ fa omi iyọ̀ yẹn sínú rẹ̀, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sí etí ẹran tó bo eyín, láìkì í bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá máa tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí omi lè ṣàn gba abẹ́ ẹran náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, èèpo ẹ̀wà méjì àti fọ́nrán ẹran màlúù kan ló bọ́ sínú ọpọ́n. Ẹran màlúù ọ̀hún, ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti jẹ ẹ́. Òórùn rẹ̀ kún ilé ìwẹ̀. Láàrin wákàtí méjì, ìrora tí panádọ́ọ̀lù kò mì látàárọ̀ ti dín kù dé ìdajì.

Ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀ torí pé ó ń dùn. Búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé ni kí ẹ lò, èyí tí orí rẹ̀ kéré tó sì rọ̀. Ẹ má la ẹnu gbàgàdà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Ẹ pa á dé díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì á sì ráyè dé ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ràn pákò, kó máa run ún fún eyín iwájú, àmọ́ kó mọ̀ pé kò lè dé igun yẹn.

Ní ti oògùn ìrora, parasitamọ́ọ̀lù 500 mg, méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wákàtí mẹ́fà kọjá kí ẹ tó tún lo méjì mìíràn, kó má sì ju mẹ́jọ lọ láàrin wákàtí 24. Ìwọ̀n àgbàlagbà nìyẹn. Ibuprofen 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí wíwú, àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò pé, aláboyún, tàbí ẹni tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì máa ń ru ú sókè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn tí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá kàn yín.

Kànáfùrù tí àwọn ìyá wa máa ń fi síbẹ̀ kì í ṣe àrọ̀sọ lásán. Ohun tó wà nínú òróró rẹ̀ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú, àwọn dókítà eyín náà ń lò ó. Ẹ fi ẹyọ kan há ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kó rọ̀ nínú itọ́. Bó bá jẹ́ òróró rẹ̀ lẹ ní, ẹ kán ẹ̀kán kan sórí òwú, kí ẹ fi kan ibẹ̀. Ẹ má dà á síbẹ̀. Ó máa ń jó ẹran ẹnu.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi síbẹ̀

Omi bátìrì. Mo bẹ yín. Àwọn kan ṣì ń rọ ọ́ sójú eyín, wọ́n ní ó ń pa kòkòrò. Ásíìdì ni, ó ń jẹ eyín, ó ń jẹ ẹran, ó sì ń jẹ ọ̀nà ọ̀fun tí ó bá ṣàn wọlé. Pẹtiróòlù náà, áṣáà náà, ògógóró tí wọ́n máa ń fi sẹ́nu títí yóò fi ta wọ́n: kò sí èyí nínú wọn tó ń dé abẹ́ ẹran tí kòkòrò wà, ọgbẹ́ tuntun ni wọ́n ń dá sórí ti àtijọ́.

Alabukun ń kọ́? Ásípírìn wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá dà á sójú ibẹ̀, ásípírìn á bó ẹran funfun. Tí ẹ bá sì ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà kó tó yọ eyín, torí ásípírìn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

Ẹ má fi aṣọ gbígbóná jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn àgbà máa ń yá sí i, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ ooru lè fa ọyún náà síta lẹ́rẹ̀kẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ inú ẹnu yàtọ̀ sí aṣọ gbígbóná ìta. Ẹ sì má lo àṣẹ́kù antibáyótíìkì ẹlòmíràn, tàbí kí ẹ ra ẹyọ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí dókítà bá kọ ọ́, ẹ lò ó tán. Bó bá jẹ́ Flagyl ló kọ, kò gbọdọ̀ sí ọtí nínú ẹ̀ rárá.

Àwọn àmì tí kò gba kí ilẹ̀ mọ́

Abẹ́ àgbọ̀n èèyàn ní àlàfo tó já sí ọrùn. Kòkòrò láti ìdí eyín ọgbọ́n ìsàlẹ̀ lè gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ kò bá lè gbé itọ́ yín mì, tí ó ń ṣàn jáde lẹ́nu. Bí abẹ́ àgbọ̀n tàbí ọrùn bá le gbandi. Bí ahọ́n bá ga sókè, tí ohùn yí padà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Bí mímí bá ń le. Bí ibà bá ń gbọ̀n yín jìgìjìgì. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má dúró de dókítà eyín lọ́la. Ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀ka pàjáwìrì, lóru ọjọ́ náà. Kí ẹnì kan tẹ̀ lé yín. Kí ẹ jókòó sókè nínú ọkọ̀, ẹ má dùbúlẹ̀.

Ó ti rọlẹ̀: ẹ lọ wàyí

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí ìrora bá lọ ni kí ẹ lọ rí dókítà eyín, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba. Ẹnu yà dáadáa, wọ́n lè rí ibẹ̀, wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn lára ẹran tó wú tó sì ní kòkòrò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá lọ nígbà tó ń jó, fífọ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n á fún un lóògùn, wọ́n á ní kó padà wá. Àwọn tí kì í padà wá ló pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi gan-an wà lára wọn, bí mo ṣe ń lo oògùn kẹ́míìsì tí mo sì ń gbàgbé.

Ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó wà nítòsí wa ní ẹ̀ka eyín: UCH n’Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH n’Íkẹjà, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní dókítà eyín. Kí ẹ tó jókòó, ẹ béèrè iye owó káàdì, iye X-ray, àti iye yíyọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí yíyọ lásán àti yíyọ tí wọ́n máa la èrìgì kì í ṣe owó kan náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ sá fún àwọn tó ń fi ẹ̀mú fa eyín lójà. Ìdí eyín ọgbọ́n máa ń tẹ̀, ó máa ń kán sínú, àwọn kò sì ní ohun tí wọ́n máa fi wá a jáde.

X-ray tí ẹ nílò ni èyí tó ń ya gbogbo eyín òkè àti ìsàlẹ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní kí dókítà fi hàn yín. Ohun méjì ni kí ẹ béèrè. Báwo ni eyín yìí ṣe dùbúlẹ̀ sí? Báwo ni ìdí rẹ̀ ṣe súnmọ́ iṣan tó gba inú egungun àgbọ̀n kọjá? Iṣan yẹn ló ń mú kí a mọ ohun tó bá kan ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n wa. Òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Bí yíyọ eyín bá kan wọ́n, apá ibẹ̀ lè kú, kó má mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Ó sábà máa ń padà láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, àmọ́ lára àwọn díẹ̀ kì í padà tán. Bí ìdí eyín bá fara kan iṣan náà gan-an, dókítà lè ní kí a gé orí eyín nìkan, kí a fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ sínú. Ẹ gbọ́ gbogbo èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Nípa yíyọ tàbí àìyọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbà gbọ́. Eyín ọgbọ́n tó hù gún, tí búrọ́ọ̀ṣì ń dé, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, ẹ fi í sílẹ̀. Ní Britain, láti ọdún 2000 ni NICE, àjọ tó ń fún àwọn oníṣègùn NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ní ìlànà, ti sọ pé kí wọ́n má máa yọ èyí tí kò ní àrùn. Ìlànà kan náà sọ pé bí ẹran orí eyín bá wú lẹ́ẹ̀kan tí kò sì le jù, ìyẹn kò tíì tó ìdí fún iṣẹ́ abẹ. Bó bá ti di ẹ̀ẹ̀kejì, ó tó. Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀? Àkọsílẹ̀ yẹn ló ń sọ fún dókítà pé èyí kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń yọ ọ́ fún ọ̀dọ́ kó tó dá wàhálà kankan sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yín ní Houston bá pè pé wọ́n fẹ́ yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí àbúrò rẹ̀ ní Peckham, ní London, sì ní wọ́n ní kí òun máa fọ̀ ọ́ dáadáa, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń purọ́ fún wọn.

Bó bá wá jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́, ẹ má fi dọ́la. Lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, egungun ṣì rọ̀ díẹ̀, ìdí eyín sì lè má tíì gùn tán. Ó ń le sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ. Ẹ sọ gbogbo àìsàn yín fún dókítà: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà, ẹ̀jẹ̀ SS, oyún, oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn geere, àti àgbo tí ẹ ń mu.

Ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́

Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ojú ibẹ̀ nìkan, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, torí yóò pẹ́ kí ẹ tó tún jẹun dáadáa. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa kun yín lóorun, ohun tí wọ́n bá sọ nípa àìjẹun ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Abẹ́rẹ́ máa ń ta. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì ètè á wúwo bí ohun tí kì í ṣe ti èèyàn. Ẹ ó mọ̀ pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, pé wọ́n ń mì ín, àmọ́ kò yẹ kó dùn yín. Bó bá dùn, ẹ na ọwọ́ sókè. Wọ́n á fi kún abẹ́rẹ́ náà. Ìró rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi. Wọ́n gé eyín mi sí méjì kí wọ́n tó lè yọ ọ́, nígbà tí ìdajì rẹ̀ sì ya, mo gbọ́ ọ nínú orí mi bí ìgbà tí wọ́n bá ya igi tútù. Àyà mi já. Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ó ti jáde nìyẹn, ẹ mí kanlẹ̀.” Gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí kan.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́

Gbogbo ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ yìí, nítorí ẹ̀jẹ̀ kan tó dì sínú ihò yẹn ni. Òun ni ìbòrí egungun. Bó bá bọ́, egungun wà níta.

Ẹ fi eyín di òwú tí wọ́n bá fi síbẹ̀ mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, láìyọ ọ́ wò. Ẹ má tu itọ́. Ẹ máa gbé e mì. Ẹ má fi sítúrọ́ọ̀ mu ohunkóhun. Ẹ má yọ ẹnu rárá títí wákàtí 24 yóò fi pé. Ẹ má mu sìgá, ẹ má mu ọtí. Ẹ má fi ahọ́n tàbí ìka wá a kiri. Itọ́ tó pọ́n díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń ya. Bó bá ń kún ẹnu ni, ẹ ká òwú mímọ́ tó rin, ẹ fi eyín dì í mú níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, bí kò bá dá, ẹ padà sílé ìwòsàn.

Ẹ fi aṣọ wé omi dídì, ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sinmi, ẹ tún gbé e lé e. Ìrọ̀rí méjì lóru. Ẹ lo oògùn ìrora kí abẹ́rẹ́ tó kúrò lára, ẹ má dúró kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Oúnjẹ: ògì tó ti lọ́, yúgọ́ọ̀tì, ẹyin tí wọ́n ro pọ̀, àmàlà rírọ̀ pẹ̀lú ewédú tí ata kò sí nínú rẹ̀, mọ́ínmọ́ín tútù. Kò gbọdọ̀ gbóná. Ìrẹsì burú ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ẹyọ rẹ̀ bá ihò náà mu wẹ́kú. Gàrí gbẹrẹfu, ẹ̀pà, gúgúrú àti ṣìnṣín lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Lọ́jọ́ kejì, omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má yọ ẹnu kíkankíkan. Ẹ gbé orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ jẹ́ kó dà jáde fúnra rẹ̀. Wíwú máa ń ga jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta. Ẹ má jáyà lọ́jọ́ kẹta tí ẹ bá wo dígí.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ìrora tó ti ń lọ sílẹ̀, tó wá ṣàdédé yí padà ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, tó ń lù kìkìkì gba etí lọ, tí òórùn burúkú sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ti bọ́ nìyẹn, ihò ti gbẹ. Ó sábà máa ń ṣe àwọn tó ń mu sìgá, ó sì máa ń ṣe àwọn obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí ju àwọn mìíràn lọ. Antibáyótíìkì kẹ́míìsì kò ní dá a dúró. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi oògùn olóòórùn kànáfùrù dí i, ìrora á sì tètè rọlẹ̀. Ẹ padà náà bí ètè tàbí ahọ́n bá ṣì kú lọ́jọ́ kejì, tàbí bí ibà bá dé.

Okùn tí wọ́n fi rán ibẹ̀ lè yọ́ fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ irú èyí tí ẹ máa padà lọ tú lẹ́yìn ọjọ́ bíi méje. Ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹran máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó bo ojú ihò náà, egungun abẹ́ rẹ̀ á sì máa dí fún oṣù mélòó kan. Láàrin ìgbà yẹn, oúnjẹ á ṣì máa wọ ibẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn yíyọ, bí dókítà bá ti gbà yín láyè, ẹ gbé síríńjì yẹn jáde, omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́. Tèmi gba ọjọ́ 24. Lálẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mo ti omi sí i, kò rí ibi wọ̀ mọ́, ó kàn ń ṣàn lọ lórí ẹran tuntun.